Ẹsẹ̀ Ọmọ, Ojú Àgbà: Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìrìn Àgbájọ Lọ sí Ilé Ìwé

Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa fi ń lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n á fa àbúrò lọ́wọ́, ọmọ ojúlé kan á dúró de ti ojúlé kejì, wọ́n á sì jọ gba ẹ̀bá títì lọ láàárín ọlọ́kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti danfo. Àgbà kì í sábà sí láàárín wọn. Ní àwọn ilẹ̀ kan lókè òkun, ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn òbí, olùkọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gbìyànjú láti fi àgbà sínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ á pàdé ní ojú kan ní àkókò kan, àgbà méjì tàbí mẹ́ta á kó wọn, wọ́n á sì rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ títí dé ẹnu géètì ilé ìwé. Ṣé ètò náà ń ṣiṣẹ́? Níbo ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, níbo ló ti túká, kí ló sì fà á? Kí ló lè ṣe fún ọmọ tó ń sọdá títì ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Agége?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Àìrìn ló bí ètò yìí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ní ọdún 1971, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún méje àti mẹ́jọ ní England, 80 ló ń lọ sí ilé ìwé láìsí àgbà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí olùwádìí Mayer Hillman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà wádìí ní 1990, ó ti ku 9. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 14 ló ń fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ilé ìwé ní 1969. Ní 2009, ìdá 13 péré ló kù.

Ọkọ̀ ló pọ̀ sí i, tí ẹ̀rù fi ń ba òbí. Òbí tí ẹ̀rù bà gbé ọmọ tirẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ yẹn náà sì di ọ̀kan lára ohun tó ń dẹ́rù ba òbí tó kù lẹ́nu géètì. Hillman tọ́ka sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí: iye ọmọ tí ọkọ̀ ń pa ní England ń dín kù láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn aláṣẹ sì ń fi yangàn pé títì ti dára. Lójú tirẹ̀, títì kò dára rárá. Àwọn ọmọ ni wọ́n kó kúrò lórí rẹ̀.

Ará Ọsirélíà kan, David Engwicht, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ dá èrò náà pé kí ìrìn àwọn ọmọ dà bí bọ́ọ̀sì, kí ó ní ibùdókọ̀, àkókò, awakọ̀ níwájú àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò ní. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nìyẹn. Ní 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní St Albans, ní agbègbè Hertfordshire ní England. Láìpẹ́ ó dé Auckland ní New Zealand. Ní 2003, ìlú Lecco ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n pè ní Piedibus. Nígbà tó fi máa di 2009, ọ̀nà 17 ni wọ́n ní, nǹkan bí 450 ọmọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ló sì ń tọ̀ wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Bí a bá gbójú kúrò lára orúkọ, iṣẹ́ náà kò ṣòro láti júwe. Àgbà kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà láìsí ọmọ, ní àkókò kan náà tí àwọn ọmọ yóò máa rìn ín, kí ó lè mọ ibi tí gọ́tà ti là sílẹ̀, ibi tí ajá wà, ibi tí ọkọ̀ ń gbà yí padà lójijì. Wọ́n yan ọ̀nà tó dákẹ́, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀ ju èyí tó yá lọ. Wọ́n yan ibi ìpàdé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n sì so àkókò mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbà kan máa ń wà níwájú, òmíràn lẹ́yìn pátápátá, kò sì sí ọmọ tí í kọjá ti iwájú tàbí tí í rẹ̀yìn sí ti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ìyeyè tó ń tàn. Orúkọ àwọn ọmọ àti nọ́ńbà fóònù òbí wà nínú ìwé kan lọ́wọ́ aṣáájú. Bí ọmọ kò bá wá ní òwúrọ̀, wọ́n pe ilé rẹ̀, wọn kì í méfò.

Lórí iye àgbà, ìmọ̀ràn tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà ni kí àgbà kan máa wo ọmọ mẹ́fà; bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, kí àgbà kan máa wo mẹ́ta. Ìdí wà fún un. Ọmọ kékeré kì í lè díwọ̀n eré ọkọ̀ tó ń bọ̀ dáadáa. Ó rí mọ́tò, ó rò pé ó jìnnà, ó sáré. Bí ó bá rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì títì, ó gbàgbé mọ́tò pátápátá.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti Houston, ní Texas. Àwọn olùwádìí tí Jason Mendoza ṣáájú fi kèké yan àwọn ilé ìwé kan fún ètò náà, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àwọn ilé ìwé tó wà ní àdúgbò àwọn tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò. Ní èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2011, ìrìn tí àwọn ọmọ inú ètò náà ń fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ rìn lọ sí ilé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ gòkè láti nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 54. Ti àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ wálẹ̀ láti ìdá 40 sí nǹkan bí ìdá 33. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn fún ohun tí kò ju àgbà díẹ̀ àti àkókò tó dájú lọ.

Ní Hertfordshire, Roger Mackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń bá ọ̀wọ́ náà rìn ló jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé wọn lọ tẹ́lẹ̀. Ètò náà mú ọkọ̀ kúrò lẹ́nu géètì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun kejì: ọ̀wọ́ púpọ̀ kì í pẹ́ kí ó tó kú. Òbí tó ń darí rẹ̀ ríṣẹ́, tàbí ọmọ rẹ̀ jáde ilé ìwé, kò sì sí ẹni tó gba ipò rẹ̀. Nígbà tí a ṣe àkójọ àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ ní 2015, ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde: àwọn ọmọ rìn sí i, ṣùgbọ́n àkókò àwọn òbí àti àìrí ẹni tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ ló ń dí ètò náà lọ́wọ́.

Auckland kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Robin Kearns àti Damian Collins ṣàkíyèsí pé àdúgbò àwọn tó rí já jẹ ni àwọn ọ̀wọ́ arìn-lọ-síléèwé pọ̀ sí, nígbà tó jẹ́ pé àdúgbò àwọn tálákà ni ọkọ̀ ti ń ṣe ọmọ léṣe jù. Kò yani lẹ́nu. Ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ ń mú owó wálé lè fi wákàtí kan sílẹ̀ ní òwúrọ̀. Ìyá tó ń jí lọ sọ́jà ní aago márùn-ún kò lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ló nílò rẹ̀ jù. Ètò tó dúró lórí ìyọ̀ǹda ara ẹni nìkan yóò máa lọ bá ẹni tó ní àkókò, kò ní lọ bá ẹni tó wà nínú ewu.

Òwe wa ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ìrírí Hertfordshire àti Auckland fi kún un pé igba ènìyàn kò ní tọ́ ọmọ bí a kò bá mọ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ kàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́

Ibi tí àmójútó ọmọ lójú pópó ti pẹ́ ni ibi tí ẹnìkan ti ń gba owó fún un, tàbí tí àṣà ti sọ ọ́ di dandan. Òfin tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1953 ló fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti yan àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró fún ọmọ ilé ìwé, àwọn tí wọ́n ń gbé àmì roboto lórí ọ̀pá gígùn. Iṣẹ́ olówó oṣù ni. Ní Tokyo, ní 1959, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn obìnrin sí irú iṣẹ́ yìí, opó ogun sì wà nínú wọn: ọmọ rí àgbà tí yóò mú un sọdá, opó rí owó tí yóò fi jẹun.

Japan ló tún ní ètò tó fìdí múlẹ̀ jù lórí ìrìn àgbájọ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò kan náà máa ń pàdé ní òwúrọ̀. Ọmọ ọdún kẹfà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣáájú pẹ̀lú àsíá, àwọn kékeré wà láàárín, àgbà ọmọ mìíràn wà lẹ́yìn. Àwọn òbí àti àwọn àgbààgbà àdúgbò dúró sí oríta. Ètò yìí dá àwọn kan lóhùn tí wọ́n ń sọ pé ìrìn alámòójútó ń sọ ọmọ di ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe. Ọmọ tí wọ́n fà lọ́wọ́ ní ọdún kìíní ni yóò mú àsíá ní ọdún kẹfà.

Ní Chicago, ìbọn àti ẹgbẹ́ jàǹdùkú ló dá ètò sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, wọ́n lu Derrion Albert, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, pa nínú ìjà kan lẹ́yìn tí ilé ìwé ṣíwọ́. Ìlú náà dá ètò Safe Passage sílẹ̀, wọ́n gba àwọn ará àdúgbò síṣẹ́ pẹ̀lú owó wákàtí kí wọ́n máa dúró lójú ọ̀nà tí ọmọ ń gbà. Ní 2013, nígbà tí wọ́n ti nǹkan bí àádọ́ta ilé ìwé pa tí àwọn ọmọ ní láti máa la àdúgbò àjèjì kọjá, wọ́n mú ètò náà gbòòrò sí i. Ní Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà náà, àwọn ará àdúgbò bíi Hanover Park àti Manenberg máa ń kó àwọn ọmọ la ibi tí àwọn ẹgbẹ́ oníbọn ti ń yìnbọn fún ara wọn. Ohun tí wọ́n ń sá fún yàtọ̀ sí ti St Albans, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni: àgbà tí ọmọ mọ̀ lójú, tó wà ní ibi tó yẹ, ní àkókò tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀

Àlàfo kan wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn ètò wọ̀nyí tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù. Ó rọrùn ní òwúrọ̀ nítorí pé gbogbo ọmọ ń lọ sí ibi kan náà ní àkókò kan náà. Ní ọ̀sán, wọ́n túká: eléyìí ní lẹ́sìnnì, tọ̀hún fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, òmíràn ń lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀. Ní Japan gan-an, ti òwúrọ̀ ló gbajúmọ̀ ju ti ọ̀sán lọ.

Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ tí a kò lè gbàgbé ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni ti Derrion Albert. Damilola Taylor, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, tí kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tó dé London, ń ti ibi ìkàwé Peckham lọ sílé lẹ́yìn kíláàsì kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2000 nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ṣá a lọ́gbẹ́, ó kú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ní Òjodù, ní Èkó, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ya wọ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama tó ń padà sílé. Ó pa nínú wọn, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe. Ètò tó bá mú ọmọ dé ilé ìwé tí kò mú un padà, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Títì fúnra rẹ̀

Agbára àgbà ní ààlà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ní ìlú Yachimata ní Japan, awakọ̀ akẹ́rù kan tó ti mutí já lu ọmọ ilé ìwé márùn-ún tó ń padà sílé lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Méjì kú. Ọ̀nà náà kò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kò sì ní irin ìdábùú tó ya ọkọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn òbí àti olùkọ́ ti béèrè fún irin náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí wọ́n yẹ ọ̀nà ilé ìwé wò ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ibi tó léwu tí wọ́n rí sì lé ní 70,000. Bí ilẹ̀ tí ètò ìrìn àgbájọ ti gbó tó bẹ́ẹ̀ bá lè rí iye yẹn, ó hàn pé àgbà pẹ̀lú àsíá kò lè dá mọ́tò tó ń sáré dúró.

Tanzania fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní Dar es Salaam, àjọ Amend bẹ̀rẹ̀ ètò SARSAI: wọ́n máa ń yẹ àyíká ilé ìwé wò, wọ́n á ṣe ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, bọ́ǹpù tó ń dín eré ọkọ̀ kù, ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá, nígbà mìíràn wọ́n á kàn yí géètì ilé ìwé sí òpópónà tó dákẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ fi hàn pé ìpalára ọmọ dín kù ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún, ètò náà sì gba ẹ̀bùn Ross ti àjọ WRI fún àwọn ìlú ńlá ní 2019. Bọ́ǹpù kì í gba ìsinmi, kì í sì í ríṣẹ́ síbòmíràn.

Ní ilẹ̀ wa

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ọdún 5 sí 29 jù lọ ní ayé. Ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kan etí ló ń wọ ilé ìwé, ẹsẹ̀ ló sì fi ń lọ. Mọ́tò ò pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwé ìgbà yẹn ṣì wà lójú kan náà, ṣùgbọ́n títì iwájú wọn ti di ọ̀nà tí tírélà ń gbà.

Nítorí náà, ohun tí ilẹ̀ òyìnbó ń wá wà lọ́wọ́ wa: àwọn ọmọ wa ń rìn, wọ́n sì ń rìn pọ̀. Àgbà àti ọ̀nà ni a kò ní. Nǹkan kan tún wà tí ilé ìwé wa fúnra rẹ̀ ń fi kún ewu: ìjìyà apẹ́lẹ́yìn. Ọmọ tó mọ̀ pé pàṣán ń dúró dè é lẹ́nu géètì ní aago mẹ́jọ kì í wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọdá. Bí àwọn ọmọ bá ń bá àgbà rin, tí ilé ìwé sì gbà pé ẹni tó bá wà nínú ọ̀wọ́ kò ní jìyà bí ọ̀wọ́ náà bá pẹ́, ìdí kan fún sísáré ti kúrò.

Àwọn kan á ní kí òbí san owó bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ẹni tó lè san án kò pọ̀, bọ́ọ̀sì kò sì dá ààbò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024, ní agbègbè Emùré-Èkìtì, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni àwọn ajínigbé dá lọ́nà tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ àti òṣìṣẹ́ ilé ìwé lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìrìn àgbájọ náà kì í ṣe apata sí ajínigbé. Níbi tí ìjínigbé ti gbilẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn ni. Fún ìjàǹbá ọkọ̀, fún ọmọ tó sọnù lójú ọ̀nà, fún àgbà burúkú tó ń fi súìtì tan ọmọbìnrin, ó wúlò gan-an.

Ọ̀rọ̀ àgbà burúkú yẹn kan àwọn aṣáájú ọ̀wọ́ náà pẹ̀lú. Ní England, wọ́n máa ń yẹ ìtàn ẹni wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ṣòro láti rí gbà níbí, ilé ìwé, ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, àlùfáà tàbí ìmáàmù àdúgbò lè jẹ́rìí ẹni. Ìlànà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ sì ni pé àgbà kan ṣoṣo kì í dá kó ọmọ.

Ìdájọ́

Ohun tí ẹ̀rí fi hàn kò rúni lójú. Ìrìn àgbájọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí ó bá wà. Bí a bá fi sílẹ̀ fún àánú òbí, yóò kú láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tó nílò rẹ̀ jù kò sì ní rí i. Bí a bá lò ó bí àwáwí láti má ṣe tún ọ̀nà ṣe, ẹ̀mí ni yóò san án.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwé kan tí títì iwájú rẹ̀ burú jù. Kí wọ́n gba àwọn obìnrin àti ọkùnrin àdúgbò síṣẹ́, opó àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú, kí wọ́n san owó fún wákàtí òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Kí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC kọ́ wọn bí a ṣe ń dá ọkọ̀ dúró. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ máa tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọmọ. Kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà máa ṣáájú ọ̀wọ́ lábẹ́ ojú àgbà. Kí ìlà funfun àti bọ́ǹpù wà lójú títì kí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tó gbéra. Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé ìlànà jáde láti 2018 lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ nínú ìlú. Ẹnu géètì ilé ìwé ló yẹ kí ìlànà náà ti kọ́kọ́ hàn.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ṣe dúró de ìjọba lórí èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ yín ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ẹ rìn ín pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun tí ẹ rí lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀.